Ìwé Ara Ògiri Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣàngó Ọ̀tà)

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ofatáìmù. Ọ̀rọ̀ àyíká ni. Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àyíká. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. A rò pé igi àti ẹyẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti jẹun yó ni. Ìyà ló kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba kan tí a kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba iwájú ògiri yẹn kọjá ní agogo mẹ́fà àárọ̀, tí a tún ń gbà á padà ní agogo méje alẹ́. Ìwé náà gùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì kékeré-kékeré ló kún inú rẹ̀. Ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ owó orí ni. Òmíràn ní wọ́n ń wá kọngílá ni. Òjò pa á, oòrùn pa á, ewúrẹ́ jẹ igun rẹ̀ kan. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó fi wà lára ògiri, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó dúró kà á parí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni àwọn ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n fi àmì sí ara ilé, wọ́n fi sí ara ìsọ̀, wọ́n fi sí ara búkà tí ìyàwó ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń ta àmàlà fún àwọn awakọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní títì yóò fẹ̀ sí i kí bọ́ọ̀sì ńlá lè ráyè rìn. Nígbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré kọ lẹ́tà. Akọ̀wé tí ó gbà á lọ́wọ́ wa kò bínú sí wa. Ó ṣí fáìlì kan, ó sì fi ibì kan hàn wá nínú ìròyìn àyẹ̀wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti bá àwọn ará àdúgbò jíròrò, kò sì sí ẹni tí ó lòdì sí iṣẹ́ náà.

A bèèrè pé àwọn wo ni ará àdúgbò. Ó ní baálẹ̀ àti àwọn onílé ni, pé wọ́n ṣe ìpàdé ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́rú. Ẹ̀yin ará, níbo ni òṣìṣẹ́ wà ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́rú? Ìdí ẹ̀rọ ni ó wà. Ojú títì ni awakọ̀ wà. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́ mọ́ wa. A kò sí níbẹ̀ ni, wọ́n sì ka ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ àwọn tí ó gbà. Onílé gba owó díẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́ta tí ó jẹ́ ayálégbé kó ẹrù wọn sórí kẹ̀kẹ́ Marúwá, wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ìyá alámàlà di ẹni tí ń kiri.

Nítorí náà ni a ṣe jókòó kọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí a ti ń kọ́ ìwé ní kíláàsì alẹ́, díẹ̀díẹ̀, tí a ń bi ẹni tí ó mọ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ sọ fún yín.

ÒFIN NÁÀ ÀTI IBI TÍ Ó TI WÁ

Lọ́dún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè Ítálì wá dà sí Kókó, ìlú etí omi kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ́lì nígbà náà, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Délítà nísinsìnyí. Inú ọgbà ẹnìkan ni wọ́n kó àwọn dúrọ́ọ̀mù náà sí, owó ilẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sì ń san fún un lóṣù. Ariwo ta káàkiri ayé. Ní ọdún kan náà ni ìjọba ológun ṣe òfin tí ó de irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, tí ó sì dá àjọ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ìdáàbòbò àyíká, èyí tí a mọ̀ sí FEPA. Ní ọdún 1992, wọ́n ṣe Òfin nọ́mbà 86, òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní EIA. Lọ́dún 1999, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká sílẹ̀, òun ló sì gba iṣẹ́ náà. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ṣe irú òfin yìí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970.

Ohun tí òfin wa sọ kò ṣòro. Ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe aládàáni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá tí ó lè pa àyíká lára láìkọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀yìn òfin náà ni àkójọ àwọn iṣẹ́ tí àyẹ̀wò jẹ́ dandan fún wà. Ojú irin titun wà níbẹ̀. Ẹ̀ka ojú irin wà níbẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ wà níbẹ̀. Ètò ọkọ̀ tí ń yára kó èrò púpọ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣe ọgbà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, bí ó bá ti tó hẹ́kítà 50, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yé yín kíákíá, ẹ rò ó bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun wọ inú fáktírì. Máníjà tí ó gbọ́n yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilẹ̀ lè gbé e, bóyá wáyà iná tó, ibo ni omi gbígbóná rẹ̀ yóò máa ṣàn sí, ta ni yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ni ariwo rẹ̀ yóò ṣe sí etí ẹni náà. Èyí tí kò gbọ́n yóò gbé e wọlé ná, nígbà tí ó bá gé ìka ẹnìkan ni yóò tó wá irin dí ojú rẹ̀. Títì, gáréèjì àti ojú irin jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sí àárín ìlú. Àwa sì ni a dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń LỌ

Ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àyíká. Wọn yóò wo irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bóyá ó wà nínú àwọn tí àyẹ̀wò kíkún jẹ́ dandan fún. Wọn yóò wá wo ilẹ̀ náà. Wọn yóò fẹnu kò lórí àwọn ohun tí àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé àkọ́kọ́ yìí, kò sí ẹni tí yóò sanwó fún kọ́nsọ́tántì láti lọ wá a.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn kọ́nsọ́tántì yóò jáde. Wọn yóò wọn omi, wọn yóò wọn atẹ́gùn, wọn yóò gbọ́ ariwo, wọn yóò ka ilé, wọn yóò bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é ní ìgbà ẹ̀rùn, kí wọ́n sì tún ṣe é ní ìgbà òjò. Ẹni tí ó bá wá wo ìsàlẹ̀ Ìjókò ní oṣù kìíní ọdún yóò sọ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Kí ó padà wá ní oṣù keje.

Nígbà tí wọ́n bá kọ ìròyìn tán, wọn yóò gbé e síta fún ará ìlú láti kà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, wọn yóò sì sọ ibi tí ènìyàn ti lè rí i, bí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Tiwa nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ọ̀tà níhìn-ín. Òfin pàṣẹ pé kí wọ́n fún ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láàyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó pinnu. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Òfin tún pàṣẹ pé kí ìròyìn náà ní àkékúrú kan tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ lè kà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé tí ó nípọn bí bíríkì sí yín níwájú kí ẹ̀rù lè bà yín. Ẹ bèèrè àkékúrú.

Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e, wọ́n lè pe ará ìlú sí i. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ìjọba yóò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, yóò sì kọ àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe bí iṣẹ́ bá ti ń lọ. Iṣẹ́ kò tán síbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa padà wá wò ó bóyá wọ́n ń ṣe bí wọ́n ti wí.

Ẹ̀yin ará, a kò ní í tan yín. Òfin náà ní ihò. Ó fi àyè sílẹ̀ kí iṣẹ́ tí Ààrẹ bá rò pé ewu rẹ̀ kéré, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní ìgbà pàjáwìrì, lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò. Ìyà rẹ̀ náà ti di yẹpẹrẹ. Ẹnìkan tí ó bá rú u yóò san ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ìyẹn ₦100,000, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ yóò san ₦50,000 ó kéré tán, kò sì ní í ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní 1992, owó ńlá nìyẹn. Lónìí, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ sọ fún wa, ₦100,000 ha lè ra ẹ́ńjìnnì dánfó bí? Nítorí náà, ìbẹ̀rù owó ìtanràn kọ́ ni yóò mú agbaṣẹ́ṣe ṣe dáadáa. Ojú ará ìlú ni.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Calabar bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn ènìyàn bèèrè kíkankíkan ni bóyá àyẹ̀wò àyíká rẹ̀ ti parí kí katapílà tó wọlé. Ìbéèrè yẹn dára. Ìgbà tí ó yẹ kí a bi í ni kí katapílà tó jáde nílé.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBÍ?

Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe àlejò ní àdúgbò wa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó ti Èkó lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wọ rélùwéè àárọ̀ láti Ìjókò lọ sí Ìdó, tí èrò kún inú rẹ̀ tí ó tún kún orí rẹ̀. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021. Ó ní ibùdókọ̀ ní Àgbàdo àti ní Kájọlà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba Èkó, láti Àgbàdo dé Òyìngbò, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní ojú títì Abẹ́òkúta, ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Òṣòdì ti dé Abúlé Ẹ̀gbà láti ọdún 2020. Ẹ wo bí gbogbo wọn ti ń sún mọ́ wa. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò tún ya àwòrán tuntun, tí ìlà rẹ̀ yóò gba Ṣàngó, tàbí Ojú Ọrẹ, tàbí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ jù wá lọ. Àwa tí a ń jí ní agogo mẹ́rin òru kí a lè dé ibi iṣẹ́ ní agogo méje, àwa ni a mọ̀ ohun tí ọkọ̀ tí ń lọ déédéé yóò ṣe fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun márùn-ún wà tí a gbọ́dọ̀ bèèrè nínú àyẹ̀wò èyíkéyìí.

Èkíní ni omi. Ojú irin àti títì ńlá máa ń gùn lórí òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ. Òkìtì náà dà bí ògiri. Bí ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún omi bá kéré, omi yóò jókòó sí yàrá ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ sì rántí odò Àtùwàrà wa, tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ omi rẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí ìdọ̀tí tí ń ti àwọn fáktírì wá. Iṣẹ́ títì tuntun kò gbọdọ̀ fi epo àti ẹrẹ̀ kún un.

Èkejì ni eruku àti ariwo. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ mọ ariwo wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́, ìjọba sì ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún un. Ẹni tí ó ti gbọ́ èyí lọ́sàn-án, kí ó tún wá gbọ́ ti katapílà àti ti ọkọ̀ ojú irin lóru, nígbà wo ni etí rẹ̀ yóò sinmi? A gbọ́dọ̀ bèèrè agogo tí wọn yóò máa ṣiṣẹ́, àti ẹni tí yóò máa fi omi wọ́n títì nígbà ẹ̀rùn.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ojú irin ti gé títì kọjá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bọ́ọ̀sì kan tí ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó lọ síbi iṣẹ́, ní Ṣógúnlé. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà ló kú. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, bíi tiwa, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Red Line, wọ́n kọ́ bíríìjì sí àwọn ibì kan kí mọ́tò lè gba òkè ojú irin kọjá. Iye ibi tí bíríìjì yóò wà, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà, ibi tí ọmọ ilé-ìwé yóò gbà, inú àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń kọ gbogbo rẹ̀. Bí a kò bá bèèrè nígbà náà, wọn yóò fi ọ̀pá kan dí ọ̀nà, wọn yóò ní ó ti tó.

Ẹ̀kẹrin ni gáréèjì àti ọjà. Bọ́ọ̀sì ńlá kan lè kó èrò dánfó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó dára fún èrò. Awakọ̀ dánfó ńkọ́? Ọmọ ọkọ̀ ńkọ́? Rẹwáyà, fokanáísà, alámàlà, ẹni tí ń ta omi tútù, ǹjẹ́ wọ́n wà nínú ìwé náà? Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí BRT àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 dé CMS ní oṣù kẹta ọdún 2008, LAMATA kò ti ẹgbẹ́ awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn ọmọ NURTW dá sílẹ̀ ló wa àwọn bọ́ọ̀sì náà. A kò sọ pé kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wọ́n jókòó sídìí tábìlì kí wọ́n tó ya ìlà sí ojú títì.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ayálégbé, èyí ló sì dùn wá jù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, kí ó san owó ilé àti ohun ọ̀gbìn tí ó wà lórí rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí iṣẹ́ Red Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2021, ìjọba Èkó fún àwọn onílé ní ìwé owó. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé inú ilé ní Ṣàngó? Yàrá kan ni púpọ̀ nínú wa háyà. Ayálégbé kò ní ilé, kò ní igi ọsàn, òfin náà kò sì rí i. Ìlànà Bánkì Àgbáyé, èyí tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹwàá 2018, rí i. Ó ní kí wọ́n ka ayálégbé, kí wọ́n ka ẹni tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kó, kí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n owó Bánkì Àgbáyé nìkan ni ìlànà yẹn ń tẹ̀lé. Bí owó bá ti ibòmíràn wá, bí owó ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti wá láti ọ̀dọ̀ bánkì ìjọba China, kò sí ẹni tí ìlànà Bánkì Àgbáyé dè. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó bi kọ́nsọ́tántì ni: ta ni ń san owó iṣẹ́ yìí? Èkejì ni: ǹjẹ́ ẹ ti kọ orúkọ ayálégbé?

ÀWỌN TÍ Ó Ń BẸ̀RÙ

A ti ń gbọ́ ohùn kan ní ẹ̀yìn yẹn. Ó ní bí a bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, àwa yóò sì máa bá góósílóò Ṣàngó yí títí láé. Ó ní àwọn kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ni yóò rí iṣẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni. A kò gbàgbé pé Èkó ti ní ètò ọkọ̀ ojú irin inú ìlú ní ayé Jákáńdè, tí ìjọba ológun fagi lé ní 1985, tí ó sì di ọdún 2023 kí ọ̀kan tó rìn. Ọdún 38 ni wọ́n fi sọnù. Àwa òṣìṣẹ́ ni a fi ẹsẹ̀ san gbèsè ọdún wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àyíká kọ́ ló pa á. Ìbéèrè tí a bi ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í dá iṣẹ́ dúró. Èyí tí a kò bi ni ó máa ń di ẹjọ́, tí ó máa ń di ìjà, tí ó máa ń di àgbàrá nínú ilé. Ẹni tí ó wọn aṣọ kí ó tó gé e kò fi àkókò ṣòfò. Ìkìlọ̀ kan sì wà fún wa pẹ̀lú: nígbà tí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ tí wọ́n ka ilé àti ìsọ̀ dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré lọ kan páànù mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà nítorí owó gbà-má-bínú. Wọn kì í san owó fún ohun tí ó dé lẹ́yìn ọjọ́ náà, irú ìwà bẹ́ẹ̀ a sì máa ba ẹ̀tọ́ àwọn olóòótọ́ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má gba àpò ìwé lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe ní orúkọ ẹgbẹ́.

Bí ó bá sì di ti kóòtù, ọ̀nà ti là ju ti àtijọ́ lọ. Láyé àtijọ́, bí ẹgbẹ́ kan bá lọ pe ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ àyíká, adájọ́ a ní kí ló kàn ọ́, ilẹ̀ rẹ ha ni bí. Ní 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà gbà pé ẹgbẹ́ tí ń jà fún àyíká lè pe ilé-iṣẹ́ epo NNPC lẹ́jọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Kóòtù gbówó lérí o, kì í ṣe ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára kí agbaṣẹ́ṣe mọ̀ pé a mọ ọ̀nà ibẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

Àwa aṣojú ti jókòó, a sì mú àbá wá kí ìpàdé yìí fi ọwọ́ sí i.

A fẹ́ ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún: méjì láti fáktírì, méjì láti gáréèjì, obìnrin kan láti inú àwọn tí ń tajà. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹnìkan nínú wọn yóò dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ wo ògiri, ẹnìkan yóò wo ìkéde inú ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá rí ìkéde àyẹ̀wò, wọn yóò kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò ka ọjọ́ iṣẹ́ 21 síwájú, wọn yóò sì sọ fún wa ní ọjọ́ kejì.

A ó wá ẹ̀dà àkékúrú rẹ̀. A ní àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì, kí wọ́n bá wa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. A ó kà á sókè ní ẹnu ọ̀nà fáktírì nígbà tí ṣíìfù bá ń yí, a ó sì kà á ní gáréèjì.

A ó kọ̀wé sí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà pé kí ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú ará àdúgbò má ṣe wáyé ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Kí ó ṣe ọ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tàbí ní agogo méje ààbọ̀ alẹ́, kí wọ́n sì fi Yorùbá àti Ègùn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohunkóhun tí a bá ní láti sọ, inú ìwé ni a ó kọ ọ́ sí, ẹ̀dà méjì. Wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí èyí tí a ó mú padà sílé, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún wa láé pé kò sí ẹni tí ó lòdì.

Ní tiyín, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ tọ́jú ìwé owó ilé yín. Ẹni tí onílé rẹ̀ kì í fún ní ìwé, kí ó bèèrè láti oṣù tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀, ẹ tọ́jú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, ẹ ya fọ́tò ìsọ̀ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ka ènìyàn, ìwé ni yóò sọ̀rọ̀ fún yín.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́ta tí ó kó ẹrù lọ́jọ́ náà ṣì wà láàrin wa níhìn-ín, a ń wò wọ́n. A kò lè dá owó yàrá wọn padà mọ́. Ìyá alámàlà ti rí ibì kan dúró sí ní ẹ̀yìn gáréèjì, ẹ máa lọ jẹun níbẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé nígbà tí ìwé mìíràn bá tún gun ògiri, kí ó bá wa lójúfò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn tí ó fọwọ́ sí i pé kí á dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀, kí wọ́n nawọ́ sókè. Ẹ nà án dáadáa, kí akọ̀wé lè kà á.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa.